Apá Tó Wú Kì í Ṣe Apá Tó Kú

Ìlódè,
Ilé-Ifẹ̀.

Yínká, Àkànní, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo sì kí ọ kú ìlú tuntun. Bí ó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ lo ti ń ka ìwé yìí, ká a, kí o fi í sínú àpò rẹ títí o ó fi délé, nítorí ó gùn, ó sì ní ibi tí mo ti bá ọ wí. Mo mọ̀ pé o ó béèrè pé kí ló dé tí Mọ́mì kò pè mí lórí fóònù. Mo pè ọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ìgbàkígbà tí mo bá pè, o máa ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, o ó ní, "Mọ́mì, kò yé yín ni." Ìwé kò ṣeé dá ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu. Jókòó, kí o gbọ́ mi tán.

Ìyàwó rẹ wà níbí lọ́dọ̀ wa. O sọ fún bàbá rẹ pé àárò wa ló ń sọ ọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àárò kọ́ ló gbé e kúrò ní Ìlọrin láàárín ọ̀sẹ̀. Ó dé, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó rẹ́rìn-ín, ó jẹ iyán. Nígbà tí bàbá rẹ wọlé lọ sun oorun ọ̀sán rẹ̀ ni mo tó wo ojú rẹ̀, mo ní, "Mosún, ó kù síbì kan. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó ní, "Mọ́mì, mi ò bá ọkọ mi jà o. Ẹ má rò pé ó nà mí tàbí pé ó bú mi. Ó kàn jẹ́ pé kò sí nǹkan kan tí mo lè fọwọ́ kàn nínú ilé yẹn mọ́. Tí mo bá gbé kẹ́tùlù, ó gbà á. Tí mo bá mú ìgbálẹ̀, ó gbà á. Ó tún gbé máṣínì mi fún àbúrò rẹ̀ ní Ọ̀fà."

"Máṣínì wo?"

"Máṣínì ìránṣọ mi, Mọ́mì. Èyí tí mo fi ń jẹun."

Ìgbà náà ló wá fọwọ́ bojú, ó sunkún bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìwọ pè. O ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó ṣe nǹkan kan o. Kó kàn jókòó. Apá yẹn ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́." Mo dákẹ́, o sì rò pé mo gbà. Ìdáhùn mi nìyí, mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí o má baà sọ pé o kò gbọ́ mi dáadáa: n kò gbà. N kò ní jẹ́ kí ó jókòó. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó dé ni èmi àti òun ti ń ṣe eré ìdárayá ní ẹ̀yìnkùlé, a ó sì máa ṣe é títí yóò fi padà. Bí inú bá ń bí ọ, kó máa bí ọ. Ìyá rẹ ni mí. Mo ti ń rí ìbínú rẹ láti ìgbà tí o kò tíì hu eyín.

Mo mọ ohun tó dẹ́rù bà ọ́. Mosún sọ ọ́ fún mi, kò fi pamọ́. Abẹ́rẹ́ máṣínì gún un ní ìka, ní ọwọ́ òsì tó wú yẹn, ó sì fojú kéré rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, apá náà ti pọ́n, ó gbóná bí ààrò, òtútù sì ń mú un débi pé eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ìwọ lo gbé e dé ọsibítù. Ìwọ lo jókòó tì í títí ara rẹ̀ fi balẹ̀. O ṣe ọkọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Ohun tí o ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ń bá ọ wí sí. Abẹ́rẹ́ gún ìyàwó rẹ lẹ́ẹ̀kan, o bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, o gba ìgbálẹ̀, o gba kẹ́tùlù. Kí ló wá kù tó ń jẹ́ Mosún nínú ilé náà?

Jẹ́ kí n rán ọ létí ibi tí o ti rí i. Ìwọ lo ń fi mọ́tò gbé mi lọ sí ọsibítù nígbà náà, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn mi, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ìtànṣán sun ibẹ̀, tí apá ọ̀tún mi sì wú. Inú gbọ̀ngàn kékeré kan ni àwa obìnrin tó ní irú ìṣòro yẹn ti máa ń ṣe eré ìdárayá pọ̀. Ìyá àgbà ló pọ̀ jù nínú wa, àfi ọmọbìnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àwa yòókù bá ń kérora. Télọ̀ ni. Ìwọ a jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, o ó ní o ń kàwé. Ìwé kan ṣoṣo náà ni o ń kà fún oṣù mélòó kan, Yínká. Mo ti mọ̀ kí ìwọ fúnra rẹ tó mọ̀.

Obìnrin tí o ń yọjú wò láti ojú fèrèsé, apá rẹ̀ wà lókè. Ó ń fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀ bí alángbá, ojú rẹ̀ le koko nítorí pé ó ń dùn ún, kò sì sọ apá náà kalẹ̀. Òun ni o wá sọ fún mi pé o fẹ́ fẹ́. Nígbà tí o gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ẹbí, Ìyá Irémọ, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin, dìde. O rántí ohun tí wọ́n sọ. "Obìnrin tí wọ́n ti gé lọ́yàn? Tí apá rẹ̀ wú bí iṣu? Kí ló fẹ́ fi pọn ọmọ?" Ìwọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, o ní, "Ìyá Irémọ, ẹ ṣeun. Òun ni mo máa fẹ́. Tí ẹ ò bá lè wá síbi ìyàwó, a ó gbé oúnjẹ yín wá fún yín nílé." Bàbá rẹ fọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí o jáde ní yunifásítì lọ.

Ọmọ yẹn dà? Níbo lo gbé e sí? Ìyá Irémọ sọ pé obìnrin náà kò ní lè ṣe nǹkan kan, o kọ̀ jálẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí. Lónìí, ọ̀rọ̀ Ìyá Irémọ náà ni ìwọ sọ di òfin nínú ilé ara rẹ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi ṣe é. Ìfẹ́ náà ni bàbá rẹ fi ṣe tèmi, ó sì kù díẹ̀ kí ó sọ mí di igi. Ibi tí o ti ń sin ìjọba lo wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà o kò mọ gbogbo rẹ̀. Gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n parí ìtọ́jú mi, tí mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, aago ọwọ́ mi kọ̀, okùn rẹ̀ kò yí ọrùn ọwọ́ mi ká mọ́. Mo rò pé mo sanra ni. Lẹ́yìn náà ni apá búláòsì bẹ̀rẹ̀ sí í há mi, tí apá náà wúwo bí ẹni pé wọ́n rọ iyanrìn sínú rẹ̀. Ìdààmú bá bàbá rẹ. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, o ò ní ṣe nǹkan kan mọ́ nínú ilé yìí." Ó gba omi pípọn, ó gba ọbẹ̀ sísè, kódà ó ń bá mi ya irun. Ìyá Irémọ wá, wọ́n fi gèlè so apá mi kọ́ mi lọ́rùn bí ẹni tó já bọ́ lórí igi ọsàn. Wọ́n fi àdí gbígbóná wọ́ ọ kíkankíkan. Wọ́n ní kí a sín gbẹ́rẹ́ sí i kí omi inú rẹ̀ lè jáde. Ìyẹn nìkan ni bàbá rẹ kọ̀. Ní ilé-ìwé, ọ̀gá wa kó mi kúrò ní kíláàsì, ó ní kí n máa jókòó sí ọ́fíìsì òun, kí n máa gba àlejò.

Èmi náà gbà, àṣìṣe mi sì nìyẹn. Jẹjẹrẹ ti dẹ́rù bà mí débi pé ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n má ṣe, n kò ní ṣe é. Mo ń da ìborùn bo apá náà jáde. Bí mo ṣe ń jókòó ni apá náà ń wú sí i, èjìká mi sì ń gan. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi kò dé ìpàkọ́ mi mọ́.

Ewúrẹ́ ló gbà mí. Má rẹ́rìn-ín. Mo sá èlùbọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, èmi nìkan ló wà nílé. Ewúrẹ́ aládùúgbò wọlé, ó ki ẹnu bọ èlùbọ́. Mo fi ọwọ́ òsì mú igi, mo jù ú, igi náà lọ ba ògiri. Ewúrẹ́ gbórí sókè, ó wò mí, ó sì ń jẹun rẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ sún kúrò lójú kan. Mo wo apá ọ̀tún mi tó sùn sínú gèlè. Apá yìí ni mo fi gún iyán fún àwọn àna mi. Apá yìí ni mo fi gbé ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ. Inú bí mi, kì í ṣe sí ewúrẹ́. Mo tú gèlè náà dà nù, mo fi ọwọ́ ọ̀tún mú igi mìíràn. N kò lè gbé e ga ju àyà mi lọ, ó sì dùn mí wọ egungun. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ náà sá.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba ọsibítù lọ. Wọ́n ní kí n lọ rí àwọn físíò, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara. Obìnrin tí mo bá níbẹ̀, tí gbogbo wa padà wá ń pè ní Àǹtí Físíò, yí apá mi síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Mà, ta ló ní kí ẹ má lò ó?"

Mo ní, "Gbogbo ayé ni."

"Ṣé gbogbo ayé ló ni apá náà ni?"

Ó wá fa àga jókòó tì mí, ó ṣàlàyé. Ó ní nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ àwọn kókó kéékèèké kan lábíyá mi, ibẹ̀ sì ni omi ara tó wà ní apá máa ń gbà kọjá. Ọ̀nà ti wá dín. Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n omi yìí kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bí iṣan apá bá ń ṣiṣẹ́, òun ló ń tì í lọ, omi a sì wá ọ̀nà mìíràn gbà. Bí iṣan bá sùn, omi a dúró. "Mi ò ní parọ́ fún yín, mà," ló wí, "wíwú yẹn lè má lọ tán láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ lè jọba lé e lórí. Apá tó wú kì í ṣe apá tó kú."

Yínká, mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn jáde níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé idà fún. Nígbà tó ti kọ́ mi ní eré ìdárayá náà fún ìgbà díẹ̀, mo padà lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Mo ní, "Sà, ẹ fún mi ní kíláàsì mi." Ó ní, "Mà, ara yín ni mo ń rò." Mo ní, "Mo dúpẹ́, sà. Ẹ fún mi ní ṣọ́ọ̀kì." Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ pátákó nìkan ni ọwọ́ mi dé. Àwọn ọmọ tó jókòó sẹ́yìn ní láti dìde kí wọ́n tó rí ohun tí mo kọ, àwọn aláìgbọ́ràn inú wọn sì ń rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rín in. Ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ìlà tí mo ń kọ ń gòkè. Lọ́jọ́ tí mo kọ àkọlé ẹ̀kọ́ sí òkè pátákó pátápátá, ní ojú gbogbo wọn, mo yí padà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti ń wò mí láti ọjọ́ yìí wá, èmi ni n kò mọ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí.

Ìkínní: kọ́ eré ìdárayá náà, kí o máa bá a ṣe é. Kí ó wọ ìbọ̀pá rẹ̀, èyí tó fún pinpin láti ọrùn ọwọ́ dé èjìká, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ láti inú ikùn, kí ẹ sì tú u jáde pẹ̀lẹ́. Kí ẹ yí èjìká síwájú, kí ẹ yí i sẹ́yìn. Kí ó gbé apá sókè, kí ó di ẹ̀ṣẹ́, kí ó tú u, kí ó tún dì í. Kí ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá ìgbálẹ̀ mú, kí ó gbé e kọjá orí. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ìka gun ògiri. Bí ó bá kan gbígbé nǹkan wíwúwo, ike omi kékeré ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí apá náà bá wúwo tàbí tó ń fún un lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ dín in kù ní ọjọ́ kejì. Ẹ má pa á tì. Kí ẹ wá físíò kan ní Ìlọrin níbẹ̀ tí yóò máa wo apá náà, nítorí èmi kì í ṣe dókítà, ohun tí wọ́n fi kọ́ mi nìkan ni mo mọ̀. Bàbá rẹ náà rò pé òun kàn fẹ́ tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Físíò ni. Àǹtí Físíò ní kí ó gbé apá tirẹ̀ náà sókè. Èjìká bàbá rẹ kọ̀ jálẹ̀, ó dún kọ̀ọ́! Ó wá hàn pé tirẹ̀ gan ju tèmi lọ. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń bá mi ṣe é, kò sì sọ fún mi mọ́ pé kí n jókòó.

Ìkejì: ẹ̀rù tí o ní, n kò ní kí o gbé e jù nù. Ibi tó yẹ ni kí o lò ó sí. Awọ ara apá yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí ó bá ń ránṣọ, kí ó fi ìbọ̀ka onírin tí àwọn télọ̀ ń lò sórí ìka. Bí ó bá ń rẹ́ ata tàbí tó ń fọ àwo, kí ó wọ ìbọ̀wọ́. Kí ó máa fi ìpara pa á kí ó má baà gbẹ. Kí ẹ ta nẹ́ẹ̀tì, nítorí ẹ̀fọn. Bí ẹ bá dé ọsibítù, kí ẹ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì pé apá kejì ni kí wọ́n gún lábẹ́rẹ́, apá kejì ni kí wọ́n fi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí nǹkan bá gún un, kí ó fọ ojú ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó fi oògùn sí i. Bí ó bá sì pọ́n, tó gbóná, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ pa eré ìdárayá tì, kí ẹ sì dé ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. O ti ṣe é rí, o mọ ọ̀nà.

Ìkẹta: ẹnu ayé. Wọn yóò gbé àdí wá, wọn yóò gbé ìpara tó ń ta ni lára wá, wọn yóò ní àwọn mọ ẹnì kan tó ń sín gbẹ́rẹ́. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ gbé nǹkan wọn padà fún wọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ́ apá yẹn bí ẹni ń po fùfú. Ìfọwọ́rà tí àwọn físíò ń kọ́ni fúyẹ́ bí ẹni ń nu ojú ọmọ ọwọ́. O mọ bí wọ́n ti ń dá Ìyá Irémọ lóhùn, n kò ní kọ́ ọ.

N kò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́, ṣùgbọ́n èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀: má máa wo apá rẹ̀ kí o tó wo ojú rẹ̀. Ó sọ fún mi pé bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, apá ni ojú rẹ kọ́kọ́ máa ń lọ. "Mọ́mì, ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá olè ti jí nǹkan," ló wí. Jẹjẹrẹ gba ọyàn lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a jà, ó yè. Ẹni tó bá jẹjẹrẹ jà, ìwọ ń gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀! Òun kì í ṣe ẹyin, Àkànní. Bí ó bá jẹ́ ẹyin ni, ì bá ti fọ́ kí o tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ máṣínì ló kù. Ní ọjọ́ kẹta tó dé, ó ní òun fẹ́ rán búláòsì fún mi. Mo ní búláòsì ti sú mi. Gbogbo télọ̀ tí mo ti bá pàdé ló máa ń wọn apá kan, wọn a fi gé méjèèjì. Bí apá ọ̀tún bá gbà mí, ti òsì a máa jó lọ́tọ̀. Bí ti òsì bá bá mi mu, n kò ní lè wọ ti ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń da ìborùn bo gbogbo rẹ̀. Mosún rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, ẹ na apá." Ó wọn ọ̀tún lọ́tọ̀, ó wọn òsì lọ́tọ̀. Obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní àdúgbò wa yá a ní máṣínì. Ó fi ìbọ̀ka sọ́wọ́, ó wọ ìbọ̀pá, ó ń rán in, ó ń dìde na apá láàárín, ó tún ń jókòó. Ìyàwó tí o ní kí n máa ṣọ́ ń kọrin nídìí máṣínì náà, Yínká. Ìgbà wo lo ti gbọ́ orin rẹ̀ kẹ́yìn?

Mo wọ búláòsì náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Ó gbà mí ní apá méjèèjì. N kò mú ìborùn. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi fi ẹnu sún mọ́ mi létí nígbà tí ìsìn parí, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe apá yín?" Láyé ijọ́un, ǹ bá ti wọlẹ̀. Mo yíjú sí i, mo ní, "Jẹjẹrẹ ló wá bá mi lálejò. Mo lé e lọ. Ìkánjú ló fi gbàgbé ẹrù rẹ̀ sí mi lápá." Ó bú sẹ́kún, ó fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Tirẹ̀ náà wú. Láti ìgbà tó ti gba ìtọ́jú, kò tíì sọ fún ẹnì kankan. Mo mú un wá sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mosún wọn án. Ní ọjọ́ Ẹtì, a mú un lọ sí gbọ̀ngàn Àǹtí Físíò, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ sì rí búláòsì mi. Wọ́n pagbo yí ìyàwó rẹ ká. Kí a tó jáde níbẹ̀, kò sí ẹni tí kò tíì na apá fún un.

Nítorí náà, dìde, kí o lọ sí Ọ̀fà. Má rán ẹnikẹ́ni, má fóònù. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o lọ, kí o sọ fún àbúrò rẹ pé ohun tí o gbé fún un kì í ṣe tìrẹ. Gbé máṣínì náà padà sí ibi tí o ti gbé e, ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Mosún yóò wà lọ́dọ̀ mi níbí, n kò sì ní lé e. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé mi ò ṣeré.

Mo bi í pé kí ni kí n bá a sọ fún ọ. Ó ní, "Ẹ sọ fún un pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi náà. Kó má ní kí n mú ọ̀kan nínú méjèèjì."

Bàbá rẹ kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ọwọ́ òun ti ń dé ẹ̀yìn òun báyìí.

Ọjọ́ Sátidé ni ìyàwó rẹ ń bọ̀, bí o bá ti pè láti sọ pé máṣínì ti wà nílé. Ẹrù rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, nítorí àwọn aṣọ tí wọ́n kó fún un rán. Lọ dúró dè é ní ibùdókọ̀. Nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀, wo ojú rẹ̀, kí o kí i. Má já ẹrù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Na ọwọ́ rẹ, kí o sì dúró. Bí ó bá fẹ́ kí o bá òun gbé e, yóò fún ọ.

Èmi ni ìyá tó bí ọ, tí kò sì ní jókòó,

Àbẹ̀kẹ́.